Ihò ọta tí wọn kò dí: ìdí tí Yúróòpù fi ń jà lórí ìrántí

Bí o bá wọ gbọ̀ngàn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Sípéènì ní ìlú Madrid, tí o gbé ojú sókè, wàá rí ihò ọta ìbọn lára àjà. Àjà náà lẹ́wà, àwòrán àti ọ̀ṣọ́ ló kún un, síbẹ̀ ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dí. Owó àtúnṣe kọ́ ni wọn kò ní. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1981, àwọn aṣòfin ń dìbò lọ́wọ́ láti yan olórí ìjọba tuntun nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Antonio Tejero, já wọlé tòun ti ìbọn lọ́wọ́, nǹkan bí igba ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n yìnbọn sókè. Àwọn aṣòfin rá pálá sábẹ́ àga. Ẹni mẹ́ta ni kò sá pamọ́: Adolfo Suárez, olórí ìjọba tó ń kógbá wọlé, igbákejì rẹ̀, ọ̀gágun Gutiérrez Mellado, àgbàlagbà tó dìde lọ kò wọ́n lójú, àti Santiago Carrillo, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Gbogbo òru ni wọ́n fi há wọn mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́, ọba Juan Carlos bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n nínú aṣọ ológun, ó ní òun kò sí lẹ́yìn wọn. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìfipágbàjọba náà ti forí ṣánpọ́n.

Ní ọdún 2013, wọ́n ń tún òrùlé ilé náà ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ sì rẹ́ díẹ̀ nínú ihò náà pa. Ni ariwo bá ta. Ta ló ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án? Àwa a máa ń sọ pé ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ní Madrid, wọn kò tilẹ̀ fẹ́ kó jọ ọ́. Aṣòfin tó bá dìde níbẹ̀ tó ń fi ẹnu gbá ẹnìkejì rẹ̀ kiri, ihò yẹn wà lókè orí àwọn méjèèjì.

Irú nǹkan báyìí ni mo ń pè ní ìrántí gbogbo ìlú. Ohun tí bàbá rẹ sọ fún ọ ní yàrá, tirẹ̀ nìyẹn. Èyí tí ìlú gbé síbi tí gbogbo ojú ti máa rí i ni ti gbogbo ìlú: òkúta, orúkọ òpópónà, ọjọ́ ìsinmi, ìwé ìtàn tí ọmọ ń kà nílé ẹ̀kọ́, gbólóhùn inú òfin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbóná sí i ní Yúróòpù lásìkò yìí, ìdí méjì ló sì fà á. Àwọn tí ojú wọn rí ogun àgbáyé kejì ń kú tán; ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà tó parí ní 1945 ti pé 90. Bákan náà, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń sọ pé ìrántí ti pọ̀ jù, pé kí ẹ jẹ́ kí àtijọ́ sùn, ń rí ìbò kó wálé.

Ǹjẹ́ ìrántí lè ṣọ́ ìjọba àwaarawa? Lójú tèmi, ó lè ṣọ́ ọ, bó bá jẹ́ èyí tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ilé ẹni. Ìrántí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ aládùúgbò nìkan ló mọ̀ ọ́n kà, ohun ìjà ni í yà lọ́jọ́ tí ìjà bá dé.

Sípéènì fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gbìyànjú ìgbàgbé. Ogun abẹ́lé jà níbẹ̀ láti 1936 dé 1939. Ọ̀gágun Francisco Franco ló borí, ó sì ṣe ìjọba bó ti wù ú títí ikú fi mú un lọ ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 1975. Kò sẹ́ni tó lé e kúrò. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣì jókòó pa sórí àga ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ àti bárékè. Ẹ̀rù pé ogun mìíràn lè bẹ́ sílẹ̀ ló mú kí tọ̀tún-tòsì fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má tú ọ̀rọ̀ náà síta. Òfin ìdáríjì tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹwàá 1977 dá ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn ẹjọ́ mọ́ àwọn tó fìyà jẹ wọ́n, lẹ́ẹ̀kan náà. N kò ní bú àwọn tó ṣe é. Orílẹ̀-èdè tí Tejero ṣì lè yìnbọn nínú ilé aṣòfin rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀ sí i, ó ní ìdí láti bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òkú wà lẹ́bàá ọ̀nà, nínú kànga, lẹ́yìn ògiri itẹ́ òkú, káàkiri Sípéènì. Ní 2008, adájọ́ Baltasar Garzón ka iye àwọn tó pòórá lábẹ́ ogun náà àti ìjọba Franco sí 114,226. Àwọn ará abúlé mọ ibi tí kòtò wà. Wọn kì í dáko níbẹ̀, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Emilio Silva ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàbá bàbá rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000, wọ́n gbẹ́ kòtò kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Priaranza del Bierzo, ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì bá egungun èèyàn 13 tí wọ́n yìnbọn pa ní 1936. Àyẹ̀wò DNA fi hàn pé bàbá àgbà rẹ̀ wà lára wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ ọmọ ló gbé ṣọ́bìrì? Ọmọ ti rí ìbẹ̀rù lójú ìyá rẹ̀, ó ti mọ̀ pé a kì í sọ ọ́. Ọmọ ọmọ kò bá ẹ̀rù náà nílé, ìbéèrè ló bá. Bí ìròyìn Priaranza ṣe tàn ká, àwọn ìdílé mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà, wọ́n ní àwọn náà ní ẹni tí àwọn ń wá.

Òfin wá tẹ̀ lé ṣọ́bìrì. Ní ìparí 2007, ìjọba Zapatero ṣe òfin ìrántí àkọ́kọ́. Nígbà tí ìjọba Mariano Rajoy dé, kò pa òfin náà rẹ́. Owó rẹ̀ ló gé di òdo nínú ìṣúná. Ẹni bá mọ ìjọba á mọ̀ pé ọ̀nà yìí rọrùn ju píparẹ́ lọ. Ìjọba Pedro Sánchez ló mú un padà, òun náà ló sì dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, ìyẹn sàréè Franco.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ibẹ̀. Nínú òkè kan nítòsí Madrid, ibi tí wọ́n sọ ní Valle de los Caídos, ni wọ́n gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan sí láàárín 1940 sí 1959, tí wọ́n sì gbé àgbélébùú tó ga ní mítà 150 sórí rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú wà lára àwọn tó gbẹ́ àpáta náà. Wọ́n kó òkú tó lé ní 33,000 láti ìhà méjèèjì ogun síbẹ̀. Àwọn tí Franco ṣẹ́gun, wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, lábẹ́ òkúta ńlá kan, Franco sùn síbẹ̀, òdòdó tútù sì wà lórí rẹ̀. Fojú inú wò ó: ìwọ ọmọ ẹni tí wọ́n pa, bí o bá fẹ́ gbàdúrà fún bàbá rẹ, iwájú ẹni tó pa á ni wàá ti kúnlẹ̀. Ìjọba àwaarawa ló sì ń bá wọn tọ́jú ibẹ̀, fún ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù fọwọ́ sí i, wọ́n hú òkú náà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá 2019. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé pósí lé èjìká jáde, hẹlikópítà sì gbé e lọ sí itẹ́ òkú Mingorrubio, níbi tí ìyàwó rẹ̀ wà. Kò sí ogun tó jà, bí àwọn kan ti ń dẹ́rù bani pé yóò rí. Ní oṣù Kẹwàá 2022, òfin tuntun jáde: ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá òkú, kì í ṣe ẹbí, ìdájọ́ tí àwọn ilé ẹjọ́ Franco fi ti àwọn alátakò rẹ̀ mọ́lé kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ́, òkè náà sì gba orúkọ rẹ̀ àtijọ́ padà, Cuelgamuros. Àwọn onímọ̀ egungun ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ihò ilẹ̀ ibẹ̀, níbi tí omi ti jẹ àpótí òkú, tí egungun ẹnì kan ti dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Àwọn alátakò kò káwọ́ gbera. Níbi tí ẹgbẹ́ PP (ti Rajoy) àti Vox, apá ọ̀tún líle, ti jọ ní agbára ní àwọn ẹkùn, wọ́n gbé òfin tiwọn jáde, wọ́n pè é ní òfin ìrẹ́pọ̀. Aragón pa òfin ìrántí tirẹ̀ rẹ́ ní oṣù Kejì 2024. Àwọn amòye ètò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n, wọ́n ní òfin bẹ́ẹ̀ lè bo ìwà ìkà ìjọba Franco mọ́lẹ̀. Orúkọ ìrẹ́pọ̀ dùn létí. Àmọ́ wo ẹni tí wọ́n ní kó rẹ́: ẹni tí òkú bàbá rẹ̀ ṣì wà nínú kòtò ni wọ́n ń sọ fún pé kó ní sùúrù, àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìgbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀.

Jámánì ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa tiwọn ni pé kí wọ́n tó gbẹ́ ère kankan, wọ́n ti kọ ìrántí náà sínú òfin. Hitler kò fi ìbọn gba ìjọba. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 1933, ààrẹ ló fi í jẹ olórí ìjọba bí òfin ṣe wí. Ní oṣù Kẹta, ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ dìbò, 444 sí 94, láti gbé agbára òfin lé e lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Social Democrat nìkan ló ní àwọn 94 náà. Àwọn aṣòfin Kọ́múníìsì kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti wà látìmọ́lé tàbí kí wọ́n ti sá lọ.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á fò. Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ ní 1949 kún fún irú ìfò bẹ́ẹ̀. Abala 79 ní kò sí bí ìbò ṣe lè pọ̀ tó tó lè yọ iyì ọmọ ènìyàn tàbí ìjọba àwaarawa kúrò nínú òfin. Abala 67 ní ẹ kò lè lé olórí ìjọba àfi bí ẹ bá ti fẹnu kò sórí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, nítorí ní ayé ìjọba Weimar, èyí tó ṣáájú Hitler, àwọn tí kò lè jọ jẹun pọ̀ ló máa ń para pọ̀ da ìjọba rú. Abala 21 fún ilé ẹjọ́ ní agbára láti fòfin de ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wó ilé tó wọ̀ sí. Ka abala wọ̀nyí láìmọ ìtàn 1933, wọn yóò dà bí àṣejù.

Òkúta ló kàn. Ní 1992, oníṣẹ́ ọnà Gunter Demnig bẹ̀rẹ̀ sí í ri òkúta kékeré mọ́ ojú ọ̀nà, èyí tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Pẹlẹbẹ idẹ ló wà lójú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé ẹni báyìí gbé níbí, ọdún tí wọ́n bí i, ọdún tí wọ́n kó o lọ, ibi tí wọ́n ti pa á. Iwájú ilé tí onítọ̀hún ti jáde gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń rì í sí. Láti kà á, o ní láti tẹríba. Idẹ sì máa ń dúdú, ìdí nìyẹn tí wàá fi rí àwọn ará àdúgbò lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú àkísà àti ọṣẹ, pàápàá ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ìrántí òru tí wọ́n dáná sun sínágọ́gù ní 1938. Ní oṣù Karùn-ún 2023, òkúta náà pé 100,000.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ẹ. Munich kò gbà á sójú ọ̀nà ìlú rẹ̀. Charlotte Knobloch, olórí àwọn Júù ibẹ̀, tó la ìgbà Hitler kọjá ní ọmọdé, ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ẹsẹ̀ tẹ orúkọ àwọn òkú òun mọ́lẹ̀. Ara ògiri àti òpó ni Munich ń fi tirẹ̀ sí. N kò lè sọ pé kò jàre.

Ohun tí òkúta yẹn ń ṣe tí ère ńlá kò lè ṣe ni pé ó ń bá ilé wí. Ó ń sọ pé láti ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n ti kó wọn lọ lójú ọ̀sán, ará kejì ilé ń wò láti fèrèsé, ẹnì kan sì kó sínú yàrá wọn, ó jókòó sórí àga wọn. Hitler kò dá ṣe é.

Ibẹ̀ gan-an ni Björn Höcke ń fọwọ́ lù. Olórí AfD, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún líle, ní ẹkùn Thuringia ni. Ní oṣù Kìíní 2017, ní Dresden, ó ní àwọn ará Jámánì nìkan ló gbin ohun ìrántí ìtìjú sáàárín olú ìlú wọn, ó sì fẹ́ kí ètò ìrántí yí padà bìrí. Ìrántí àwọn Júù ní Berlin ló ń tọ́ka sí, àwọn òkúta 2,711 tí wọ́n ṣí ní 2005. Kí ọdún náà tó parí, àwọn oníṣẹ́ ọnà kan rẹ́ǹtì ilẹ̀ tó kángun sí ilé rẹ̀ ní abúlé Bornhagen, wọ́n sì gbé òkúta 24 kalẹ̀ bíi ti Berlin, kó lè máa rí wọn láti fèrèsé rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2024, ilé ẹjọ́ ní Halle bu owó ìtanràn 13,000 yúrò lé e nítorí pé ó lo ọ̀rọ̀ ìwúrí àwọn jàǹdùkú Hitler níbi ìpàdé òṣèlú. Ó ní òun kò mọ̀ pé tiwọn ni. Tíṣà ìmọ̀ ìtàn ni kó tó di olóṣèlú.

Jámánì nìyẹn. Ní Họ́ngárì, ẹ wo ohun tí ìjọba Viktor Orbán gbé kalẹ̀ ní Gbàgede Òmìnira ní Budapest ní oṣù Keje 2014. Òru ni wọ́n gbé e síbẹ̀, wọn kò sì ṣe ayẹyẹ ìṣíde kankan. Ère áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ni, tó dúró fún Họ́ngárì aláìmọwọ́-mẹsẹ̀. Ẹyẹ idì kan, Jámánì nìyẹn, ń kù gìrì bọ̀ wá gbé e. Irọ́ kọ́ pé Jámánì wọ Họ́ngárì ní oṣù Kẹta 1944. Àmọ́ láti àárín oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún náà, àwọn Júù tó lé ní 430,000 ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú irin, ọ̀pọ̀ jù lọ sí Auschwitz, ọlọ́pàá Họ́ngárì ló sì kó wọn, akọ̀wé ìjọba Họ́ngárì ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ibo ni èyí wà lára áńgẹ́lì yẹn?

Àwọn ará ìlú ló dáhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan wá síwájú ère náà: fọ́tò ìyá àgbà, bàtà, àpótí ìrìn àjò, lẹ́tà tí wọ́n fi ọ̀rá bò nítorí òjò, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ sí. Lójú mi, ìlà ẹrù yẹn ni ohun ìrántí tó wà níbẹ̀.

Póláǹdì lọ síhìn-ín lọ sọ́hùn-ún. Ní Jedwabne, ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1941, àwọn ará ìlú ti àwọn Júù tí wọ́n jọ ń gbé mọ́ inú abà, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ní 2001, ààrẹ Aleksander Kwaśniewski dúró níbẹ̀, ó tọrọ ìdáríjì. Ní oṣù Kejì 2018, ìjọba mìíràn ṣe òfin pé ẹni tó bá sọ pé orílẹ̀-èdè Póláǹdì lọ́wọ́ nínú ìwà ọ̀daràn Násì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura. Ariwo pọ̀, wọ́n sì yọ ẹ̀wọ̀n náà kúrò ní oṣù Kẹfà. Ibi tí òfin bá ti ń yan ohun tí onímọ̀ ìtàn lè sọ, ilé aṣòfin ti di àtìmọ́lé ìrántí.

Rọ́ṣíà ló burú jù. Àjọ Memorial, tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà ayé Gorbachev, ló ń kó orúkọ àwọn tí Stalin pa tàbí tó rán lọ sí àgọ́ iṣẹ́ ipá jọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù pàṣẹ kí wọ́n tì í pa; agbẹjọ́rò ìjọba fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ba orúkọ Soviet jẹ́. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà fi wọ Ukraine. Wọ́n ní àwọn ń lọ lé Násì. Memorial wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà lọ́dún 2022, àmọ́ ilé rẹ̀ ti lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: ìrántí kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe. Pọ́túgàl ń ṣe ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin pẹ̀lú òdòdó pupa lọ́dọọdún, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun lé ìjọba apàṣẹwàá kúrò ní 1974. Ní 2024, nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ kí wọ́n tó ṣe àádọ́ta ọdún rẹ̀, Chega, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún líle, gba àga 50 nínú ilé aṣòfin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di 60. Ní Jámánì, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn tú síta ní oṣù Kìíní 2024 nígbà tí ìròyìn jáde nípa ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ kan nítòsí Potsdam lórí lílé àwọn àjèjì lọ rẹpẹtẹ, wọ́n sì gbé páálí pé ohun tí àwọn ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́, ìsinsìnyí ló kàn. Síbẹ̀, Höcke gba ipò kìíní ní Thuringia ní oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú ìdá 32.8 nínú ọgọ́rùn-ún, AfD sì gba 20.8 ní gbogbo Jámánì ní oṣù Kejì 2025. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó ilé ń wọ́n mọ́ lórí, o kò lè fi ọdún 1933 nìkan bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ yòókù kọ̀, wọn kò bá AfD dá ìjọba, bẹ́ẹ̀ 1933 ni gbogbo wọn ń rántí nígbà tí wọ́n ń kọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Madrid. Ní gbàgede Puerta del Sol, ilé kan wà tí agogo wà lórí rẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni èrò máa ń pé sí ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá; bí agogo náà ṣe ń lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a máa ju èso àjàrà sẹ́nu, méjìlá fún ìró méjìlá, gbogbo Sípéènì sì ń bá wọn jẹ ẹ́ nílé níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ilé yẹn ni olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá inú nígbà ayé Franco. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń na ènìyàn. Ní oṣù Kọkànlá 1962, Julián Grimau, ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, já láti fèrèsé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́. Wọ́n tọ́jú egungun rẹ̀ tó ṣẹ́, wọ́n sì yìnbọn pa á ní oṣù Kẹrin 1963.

Ilé náà ti di ọ́fíìsì ìjọba ẹkùn Madrid. Lára ògiri rẹ̀, wọ́n kọ ìrántí àwọn tó bá Faransé jà ní 1808 àti ti àwọn tó kú nínú bọ́ǹbù ọkọ̀ ojú irin ní 2004. Láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti sọ ọ́ di ibi ìrántí àwọn tí wọ́n nà nísàlẹ̀ yẹn pẹ̀lú. Ìjọba ẹkùn kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá lọ jẹ àjàrà níbẹ̀ lálẹ́ ọdún tuntun, tó sì fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ agogo náà, kó bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà tó bá dúró tì í.